ṢÉRÍKÍ: ORÍSUN ÀTI ÌTUMỌ̀ OYÈ OGUN KAN

Ní Dutsen Kura, àdúgbò kan ní ìlú Mínnà tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, mo wọ̀ sí ilé ọmọ Ìbàdàn kan tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Ṣéríkí. Aládùúgbò rẹ̀ kan wà, bàbá Háúsá tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Bàbá yìí kì í pe àkọ́bí ọkùnrin ilé náà ní orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. ‘Ɗan Sarki’ ni ó máa ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí ‘ọmọ ọba’. Ara ìwé iléèwé ọmọ náà ni ó ti rí orúkọ ìdílé wọn, ó sì gbà pé ẹni tí ó ń jẹ́ Ṣéríkí kò lè ṣe aláìjẹ́ ọmọ ọba. Bàbá ọmọ náà a máa rẹ́rìn-ín, a sì dá a lóhùn pé: “Alàájì, ẹ jọ̀wọ́, a kì í jọba nílé wa. Ogun ni àwọn bàbá wa ń jà.”

Àwọn méjèèjì kò tan ara wọn jẹ. Ohun tí Háúsá mọ̀ ni bàbá rélùwéè sọ. Ohun tí Ìbàdàn mọ̀ ni bàbá ọmọ sọ. Báwo ni ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ọba lẹ́nu ẹnìkan ṣe wá di oyè ológun lẹ́nu ẹnìkejì? Ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti bí ọdún mélòó kan ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé oyè Fúlàní ni Ṣéríkí, pé kò yẹ kí Yorùbá kan máa jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn, láti gba oyè náà sílẹ̀, a máa búra pé Yorùbá pọ́ńbélé ni. Ìhà méjèèjì ni ó ń ṣi ìtàn sọ.

Ohun Tí Ṣéríkí Jẹ́ Láàrin Yorùbá

Ní Ìbàdàn, níbi tí a ti mọ oyè náà jù lọ, Ṣéríkí ni olórí àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun, àwọn tí wọn kò tíì jẹ oyè ńlá ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi ojú ogun wá orúkọ. Balógun ni ó ni ogun. Ṣéríkí ni ó ni àwọn tí egungun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le. Ó ní Ọ̀tún tirẹ̀, ó ní Òsì tirẹ̀, àwọn tí ó kù sì ń tẹ̀ lé wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lẹ́yìn Balógun. Ní ayé Ààrẹ Látòósà, Ìyàpọ̀ ọmọ Ìbíkúnlé ni ó wà lórí oyè yìí. Ìbíkúnlé bàbá rẹ̀ ni Balógun Ìbàdàn nígbà ogun Ìjàyè (1860 sí 1862). Agbára Ìyàpọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ara Ààrẹ kò fi gbà á mọ́, ọ̀tẹ̀ sì ni ó gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé oyè ọmọdé lásán ni Ṣéríkí, nítorí pé ọ̀dọ́ ni ó ń kó jọ, kí ó rántí Ìyàpọ̀.

Àwọn Ẹ̀gbá náà ní i láàrin oyè Ológun wọn. Bí ìtàn Ẹ̀gbá ti sọ ọ́, nígbà tí wọ́n ń mura àtilọ sí abẹ́ Òkúta Olúmọ ní 1830, Lámódì ni Balógun, Ṣódẹkẹ́ ni Ṣéríkí. Ikú kò jẹ́ kí Lámódì dé ibẹ̀. Ṣódẹkẹ́ ni ó kó wọn dé Abẹ́òkúta. Ṣéríkí ni ó tẹ ìlú náà dó, kì í ṣe Balógun, kì í sì í ṣe ọba. Ọdún 1854 ni wọ́n tó fi Aláké àkọ́kọ́ jẹ ní Abẹ́òkúta. Ọdún 1830 yìí ṣe pàtàkì fún wa, a ó padà sí i.

Ọ̀rọ̀ Náà Kò Bá Ìlànà Yorùbá Lọ

Akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú kíláàsì mi túmọ̀ orúkọ oyè náà sí ‘ṣe-rí-kí’, ó ní ẹni tí a bá rí tí a gbọ́dọ̀ kí ni. Mo fún un ní máàkì fún ìgboyà, n kò fún un ní tirẹ̀ fún gírámà. Bí Yorùbá bá fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ó sábà máa ń lò: à, ì, ò, ọ̀, a-ti. Láti ara ‘ṣọ́’ ni a ti rí ‘ẹ̀ṣọ́’. Láti ara ‘jẹ oyè’ ni a ti rí ‘ìjoyè’. ‘Ṣe-rí-kí’ kò ní irú àfòmọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta inú rẹ̀ kò sì so pọ̀ mọ́ra ní ọ̀nà tí gbólóhùn Yorùbá kankan fi lè gbé wọn.

Ẹnìkan lè wí pé Balógun pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì ni ó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fáwẹ́lì ti jẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan ní ‘Ọba-ní-ogun’ ni, àwọn mìíràn ní ‘Ìbá-ní-ogun’; èyí ó wù kí a gbà nínú méjèèjì, a lè dá fáwẹ́lì náà padà, kí ọ̀rọ̀ sì dá ṣáká. Jagun gan-an, gbólóhùn ni: ‘ja ogun’. Ti Ṣéríkí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí fáwẹ́lì tí a lè dá padà síwájú rẹ̀ tí yóò fi fún wa ní ìtumọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò bá orúkọ náà láàrin àwọn Ọ̀yọ́-Mèsì méje, Baṣọ̀run, Agbaakin, Samu, Alápìínni, Lágùnnà, Akiníkú àti Aṣípa, àwọn tí í ṣe òpó ìjọba Ọ̀yọ́ Ilé. Oyè tí ó bá ti Ọ̀yọ́ àtijọ́ wá kì í sábà ṣòro láti tọpa dé ààfin. Èyí kò dé ààfin rárá.

Bí ‘Sarki’ Ṣe Di ‘Ṣéríkí’

Ọ̀rọ̀ àyálò ni, láti inú èdè Háúsá: sarki, ọba, olórí. Yorùbá kì í gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì láàyè, nítorí náà ‘rk’ kò lè dúró. Fáwẹ́lì gbọ́dọ̀ là á. Kí ni ìdí tí ó fi jẹ́ ‘i’ ni a fi là á? Ẹ wo àlùbáríkà. Ní èdè Lárúbáwá, fáwẹ́lì ‘a’ ni ó wà láàrin ‘r’ àti ‘k’ ọ̀rọ̀ náà. Háúsá ni ó yọ ọ́ kúrò tí ó sọ ọ́ di albarka. Ìbá ṣe pé tààrà láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni Yorùbá ti gbà á, ‘a’ ni à bá retí kí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ‘rí-kà’ ni a ń pè é. Ọwọ́ Háúsá ni a ti gbà á, pẹ̀lú ‘rk’ rẹ̀, a sì fi ‘i’ tiwa là á. Ohun kan náà ni a ṣe sí sarki. Àti albarka àti sarki, ẹnu kan náà ni ó tún wọn ṣe.

Ti ‘a’ tí ó di ‘é’, mo gbà pé àwọn ‘i’ méjì tí ó tẹ̀ lé e ni ó fà á lọ sọ́dọ̀ ara wọn. Ti ‘s’ tí ó di ‘ṣ’ ni ó gba àròjinlẹ̀, nítorí pé Sábó, tí ó ti ọ̀dọ̀ Háúsá wá bákan náà, kò pa ‘s’ rẹ̀ dà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ kì í fi ìyàtọ̀ sáàrin ‘s’ àti ‘ṣ’. A sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ‘Séríkí’ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, àwọn akọ̀wé tí ó fẹ́ kọ Yorùbá tí ó gún régé ni ó rò pé Ìbàdàn ṣì í pè, tí wọ́n fi kán àmì sídìí rẹ̀. Bí a bá ṣe àtúnṣe fún ẹni tí kò ṣì, àtúnṣe náà ni yóò di àṣìṣe; ṣùgbọ́n ó ti wọlé, kò sì sí ẹni tí yóò yọ ọ́ mọ́.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé a tún ní sàràkí, tí a ń lò nígbà tí a bá ń wí pé ‘àwọn sàràkí-sàràkí ìlú’. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé ibòmíràn ni ó ti wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni sarki wọ inú Yorùbá, ó gba ẹnu ọ̀nà ogun wọlé, ó sì tún gba ẹnu ọ̀nà ọlá wọlé.

‘Sarki’ àti ‘Sarkin’

Ìtumọ̀ ni ó kù. Láti mọ̀ ọ́n, orúkọ àdúgbò tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yóò ràn wá lọ́wọ́. Dutse ni àpáta ní èdè Háúsá, kura ni ìkookò. Bí a bá fẹ́ so wọ́n pọ̀, dutse yóò gba ‘n’ sí ìdí: Dutsen Kura, Àpáta Ìkookò. ‘N’ yìí ni ó ń sọ fún wa pé ẹ̀yán ń bọ̀. Sarki náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dá dúró, ọba ni, a kì í sì í pe ẹni yẹpẹrẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba ‘n’, ó di olórí ohunkóhun tí ó bá tẹ̀ lé e. Ní Ìpínlẹ̀ Niger kan náà, ìlú kan wà tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Munya, Sarkin Pawa ni orúkọ rẹ̀: olórí àwọn alápatà. Sarkin noma ni ọ̀gá àgbẹ̀, sarkin maƙera ni olórí àwọn alágbẹ̀dẹ, sarkin yaƙi ni olórí ogun, sarkin baka ni olórí àwọn tafàtafà.

Mo bi bàbá rélùwéè pé kí ni wọ́n ń pe ẹni tí ó ń ṣe olórí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní abúlé rẹ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: “Sarkin Samari.” Ó ṣàlàyé pé òun ni ó máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí oko ẹni tí ó bá bẹ ọ̀wẹ̀, òun ni ó ń pín iṣẹ́, òun ni ó ń bá ọ̀lẹ wí. Oyè yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn tí ó ti ka ìwé Mary Smith, Baba of Karo, tí a tẹ̀ ní 1954, níbi tí ìyá arúgbó Háúsá kan ti sọ ìtàn ayé rẹ̀.

Olórí àwọn ọ̀dọ́: iṣẹ́ Ṣéríkí Ìbàdàn gan-an nìyẹn, bí a bá fi ogun rọ́pò oko. Àbá mi ni pé kì í ṣe sarki tí ó dá dúró ni a yá. Irú àpólà bíi Sarkin Samari ni àwọn jagunjagun wa gbọ́ ní ibùdó, bóyá sarkin yaƙi náà wà níbẹ̀, wọ́n mú orí rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yán sílẹ̀, ‘n’ sì bá ẹ̀yán lọ. Ẹni tí kò gbọ́ Háúsá kò lè mọ̀ pé ìtumọ̀ gbogbo wà nínú ohun tí òun jù sílẹ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí Ṣéríkí túmọ̀ sí ọba rí lẹ́nu Yorùbá. Kì í ṣe pé a rẹ ọba sílẹ̀ di ológun. Olórí ọ̀dọ́ ni a gbọ́, olórí ọ̀dọ́ ni a sì mú lọ.

Irú nǹkan báyìí kì í ṣe tiwa nìkan. ‘General’ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀gágun, ẹ̀yán ni tẹ́lẹ̀: ‘captain general’ ni wọ́n ń wí, ọ̀gá tí àṣẹ rẹ̀ kárí. Wọ́n ju ‘captain’ sílẹ̀, wọ́n mú ẹ̀yán. Àwa mú orí, àwọn mú ìrù.

Ọ̀nà Tí Ó Gbà Wọlé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rò pé ọmọ-ogun àwọn òyìnbó ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá, nítorí pé Háúsá ni èdè tí a fi ń bá ara ẹni sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun West African Frontier Force, tí a dá sílẹ̀ ní 1897. Ọdún kò gbè wọ́n. Ìyàpọ̀ ti jẹ Ṣéríkí, ó sì ti kú, kí Lugard tó kó ọmọ-ogun kankan jọ. Bí a bá sì gba ìtàn Ṣódẹkẹ́ gbọ́, oyè náà ti wà láàrin Ẹ̀gbá ní 1830. A gbọ́dọ̀ wá orísun rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Ní Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀, Háúsá pọ̀ lára àwọn ẹrú. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ títí di 1921, sọ pé wọ́n ń ṣe gbàjámọ̀, wọ́n ń ṣe okùn, wọ́n ń da màlúù. Ní nǹkan bí 1817, nígbà tí Àfọ̀njá Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò kọ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin tí ó sì pe Àlímì mọ́ra, àwọn ẹrú wọ̀nyí sá fi olówó wọn sílẹ̀, wọ́n wá di ọmọ-ogun rẹ̀. Jama’a ni orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn, ọ̀rọ̀ tí kò ju ‘àwùjọ’ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fi ojú àwọn ará Ọ̀yọ́ rí ni ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ dà. Nínú ìwé Johnson, orúkọ àwọn akónilẹ́rú tí ń jalè káàkiri ni. Lónìí, nínú mọ́sálásí, àwùjọ olùjọsìn ni jàmáà. Ogun ti kọjá, ọ̀rọ̀ ti padà sílé. Àfọ̀njá pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pa á ní nǹkan bí 1823 tàbí 1824.

Ìgbà yìí náà ni Òwu tú, tí ilé Ẹ̀gbá tú, tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá sì wá di ará ibùdó kan ní Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829. Ìlú tí kò ní ọba, tí kò ní ààfin, tí kò ní oyè ìdílé: ẹni tí ó bá lè jà ni ó ń jẹ. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ nílò orúkọ fún àwọn iṣẹ́ tuntun. Ọ̀dọ́ tí kò nílé tí kò lọ́nà pọ̀ níbẹ̀ ju bí ìlànà àtijọ́ ti lè gbà lọ, wọ́n sì nílò olórí. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, tí àwọn tí ó ti bá àwọn ará Ìlọrin jà tàbí tí ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ ti mọ̀, ni a mú. Mọ́gàjí, tí í ṣe àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ sí oyè Olúbàdàn, ọ̀nà kan náà ni ó gbà wá: magaji ni àrólé ní èdè Háúsá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀nà náà kò ní àbọ̀. Ní Ìlọrin tí ó di ti Fúlàní, Balógun mẹ́rin ni ó ń ṣe olórí ogun lábẹ́ Ẹ́mía: Balógun Gàm̀bàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkòbí àti Balógun Àlánàmú. Olórí àwọn Háúsá Ìlọrin ń jẹ oyè Yorùbá, olórí àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun Ìbàdàn ń jẹ oyè Háúsá, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn jà. Ní nǹkan bí 1840, ní Òṣogbo, Ìbàdàn lé Ìlọrin padà. Bí oyè tí a yá bá jẹ́ àmì pé wọ́n ṣẹ́gun ẹni, kí ni a ó ti wí nípa Balógun Gàm̀bàrí? Ọ̀tá a máa kọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀tá. Àwọn tí wọn kì í pàdé ni kì í yá nǹkan lọ́wọ́ ara wọn.

Nígbà Tí Ogun Tán

Nígbà tí ogun kásẹ̀ nílẹ̀, oyè náà kò kú. Àwọn Mùsùlùmí mú un, wọ́n ń fi Balógun Àdínì àti Ṣéríkí Àdínì jẹ. Àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì náà mú un. Ní Àgbádárìgì, Ṣéríkí Williams Abass, ẹni tí a kó lẹ́rú ní kékeré, tí ó padà wá di oníṣòwò ẹrú fúnra rẹ̀, jẹ Ṣéríkí Mùsùlùmí kí ó tó kú ní 1919. Orúkọ oyè náà ni ayé fi ń pè é títí di òní.

Ní Ìbàdàn, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀. Ní 1916 ni a dá Sábó sílẹ̀ fún àwọn Háúsá, olórí wọn sì ni Sarkin Hausawa. Ẹnu Yorùbá sọ ọ́ di Ṣéríkí Sábó. Báyìí ni ọ̀rọ̀ kan náà ṣe padà wọ ìlú kan náà, Ṣéríkí Ìbàdàn ní apá kan, Ṣéríkí Sábó ní apá kejì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí ó da àwọn méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn olórí Fúlàní darandaran ní ìlú àti abúlé wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Ṣéríkí Fúlàní.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 2021, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìpànìyàn àti ìjínigbé dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Ìgàngàn ní ilẹ̀ Ìbàràpá, a dáná sun ilé Ṣéríkí Fúlàní ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúkọ yìí ti gbilẹ̀ nínú ìròyìn rédíò, ti Fúlàní nìkan ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì mọ̀. Ọmọbìnrin kan wá bá mi ní ọ́fíìsì pé òun fẹ́ yí orúkọ ìdílé òun padà kí òun tó gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ti ń bi òun ní ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé abúlé màlúù wo ni òun ti wá. Bàbá bàbá rẹ̀ jẹ Ṣéríkí ní ìlú rẹ̀, Yorùbá ni wọ́n tọ̀tún tòsì. Mo sọ ìtàn Ṣódẹkẹ́ fún un. N kò mọ̀ bóyá ó yí orúkọ náà padà.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí n ó kúrò ní Dutsen Kura, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún bàbá rélùwéè lórí ẹní níwájú ilé. Mo ní Ṣéríkí àwọn ará ilé yìí kì í ṣe sarki, pé ó jọ pé ọmọ ìyá Sarkin Samari ni. Ó rò ó títí. Ó wá yíjú sí ọmọ náà, ó ní bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ni ó ń ṣe tí ó jókòó tí garawa omi àwọn àgbà sì ṣófo? Ọmọ náà dìde, ó gbé garawa. Kí ó tó dé ẹnu géètì, bàbá náà ti tún pè é: “Ɗan Sarki, má gbàgbé tèmi.”